Àwọn Tí Mo Pàdé Lọ́nà Ṣábẹ

Bí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò bá délẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí kò bá tíì wọ ọkọ̀ òfurufú kì í lè la ẹnu rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọn yóò dárúkọ, tàbí Kánádà, tàbí Amẹ́ríkà. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí a wà ní ìsinmi, mo gbé àpò kan ṣoṣo kọ́ èjìká, mo wọ ọkọ̀ èrò ní Èkó, mo sì dorí kọ ìwọ̀ oòrùn. Mo fẹ́ lọ gbọ́ ohùn àwọn ará Kétu àti àwọn ará Ṣábẹ, àwọn ènìyàn wa tí àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 gé sí apá kejì. Èdè Faransé àti èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, n kò sì mọ ibòmíràn nítòsí tí ènìyàn ti lè fi méjèèjì ná ọjà kan náà.

Bàbá mi bi mí pé ta ni mo mọ̀ lọ́hùn-ún. Mo ní n kò mọ ẹnì kan. Ó wò mí títí, ó ní, "Ó dára. Ẹni tí kò mọ ẹnì kan, kí ó máa kí gbogbo ènìyàn." Ìmọ̀ràn tí ó fún mi kò ju ìyẹn lọ, mo sì rò pé ó tó. Bí kò bá sí i ni, òkè àti igi nìkan ni n bá máa ṣàpèjúwe fún yín síhìn-ín, àwọn tí ó ti ṣe ìyẹn jù mí lọ sì pọ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo kí ni ìyá kan tí ó jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Ó gbé báàgì ńlá kan tí ó ní ilà búlúù àti pupa sáàárín ẹsẹ̀ àwa méjèèjì, irú báàgì tí gbogbo wa ń pè ní Ghana-must-go. Àyè kò gbà mí láti dọ̀bálẹ̀, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ kú ìrìn o, mà." Ó dáhùn, ó béèrè ilé, ó béèrè òbí, ó béèrè ohun tí mò ń kọ́. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Èdè? Ṣé wọ́n ń san owó fún ọ kí o máa kọ́ èdè ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Èmi ni mò ń sanwó fún wọn."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, mo fẹ́ dá àpárá tèmi padà, mo ní báàgì wọn yìí ń padà sílé rẹ̀ ni. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe báàgì nìkan."

Tàmálè ni wọ́n ti bí i, ní àríwá ilẹ̀ Gáná. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, aṣọ àti abọ́ ni ó ń tà. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn mọ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìgbòho pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà bí ẹni pé ilé wọn ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò nílùú. Ọmọ ọdún méjìlá ni ìyá yìí. Ó ní ohun tí òun rántí jù lọ kì í ṣe ẹkún, ìṣirò ni. Bàbá rẹ̀ ń ka ohun tí àwọn oníbàárà jẹ ẹ́, ó ń kà á sókè, ó tún ń kà á, bí ẹni pé bí òun bá kà á dáadáa owó náà yóò wọlé kí ọkọ̀ tó dé. Nígbà tí wọ́n máa di ẹrù, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ kò gba inú ọkọ̀ mọ́, nítorí ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ gbé e fún obìnrin Dàgọ́ńbà kan tí ilé wọn kọjú síra, ó ní, "Bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi dé."

Wọn kò padà dé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ọmọ Gáná. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1981. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ, ibẹ̀ sì ni báàgì alámì yìí ti gba orúkọ rẹ̀. Tíṣà kan, ọmọ Gáná, ń gbé ní àdúgbò rẹ̀. Ó gbé oúnjẹ lọ fún un, ó sì bá a di ẹrù. Ó ní, "Gbogbo ènìyàn ń sọ pé a ti gbẹ̀san. Èmi kò mọ ẹ̀san níbẹ̀. Mo mọ bí ẹrù ṣe ń wúwo."

Mo béèrè ìdí tí ó fi ń lọ nísinsìnyí. Ó ní obìnrin Dàgọ́ńbà yẹn ti kú ní oṣù méjì sẹ́yìn, arúgbó kùjọ́kùjọ́. Kí ó tó kú, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ tí ó wà ní igun yàrá kì í ṣe tòun, wọn kò gbọdọ̀ pín in mọ́ ogún. Àwọn ọmọ náà wádìí lọ́wọ́ àwọn Yorùbá tí ó ti padà sí Tàmálè títí wọ́n fi rí nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Wọ́n ní ìpẹtà ti jẹ ẹ̀rọ náà, kò ṣeé ránṣọ mọ́.

Mo ní, "Kí ni ẹ wá fẹ́ fi ṣe, mà?"

Ó ní, "N ó fọwọ́ kàn án."

Nígbà tí a dé Sẹ̀mẹ̀, gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀ láti fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ààlà. Mo ru báàgì ìyá, mo ń tẹ̀ lé e, mo sì ń kà á lórí ìka mi. Ó bá alágbàrù sọ Haúsá. Ó bá obìnrin tí ń ta omi sọ Gùn. Ó kí awakọ̀ kan ní èdè Tuí, awakọ̀ náà fò sókè. Ó fi Faransé díẹ̀ ná owó sẹ́fà. Ó ti bá ẹnì kan sọ Dàgbánì lórí fóònù nínú ọkọ̀. Bí a bá fi Yorùbá kún un, ó di mẹ́fà, kò sì wọ ilé-ìwé rí lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Tàmálè. Èmi ti èdè méjì ń fún mi ní ìdánwò lọ́dọọdún, mo gbé ẹrù náà dáadáa.

Mo sọ̀kalẹ̀ ní Kútọnu. Ìyá ń bá tirẹ̀ lọ sí Lómé àti Àkrà. Ó fún mi ní ọsàn méjì, ó ní kí n má ṣe gbàgbé láti jẹun.

Ilé-èrò tí mo wọ̀ sí ní Kútọnu jẹ́ ti ìjọ Àgùdà, ó mọ́, kò sì wọ́n. Ibùsùn mẹ́rin ni ó wà nínú yàrá mi, ẹ̀fọn sì tó ẹgbàá. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Dósò ní ilẹ̀ Nìjẹ́ẹ̀, ọmọ Zarma, tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ìsinmi ni òun náà fẹ́ lọ lò nílé. Ṣùgbọ́n àwọn ológun ti gba ìjọba nílùú rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, àjọ ECOWAS sì ti ti ààlà pa láti òpin oṣù náà. Ọ̀nà Malanville, tí ó máa ń gbà lọ sílé láti ìgbà tí ó ti wá kẹ́kọ̀ọ́, ti di ògiri. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Lálaalẹ́ ni a máa ń jókòó síta, òun a yí rédíò, èmi a máa pa ẹ̀fọn. Ó ní òun ti ka gbogbo àdéhùn tí ó fún ọmọ ìwọ̀ oòrùn Áfríkà láyè láti rìn fàlàlà láti ọdún 1979, òun mọ̀ wọ́n lórí, òun sì fẹ́ràn wọn gan-an. Ẹ̀yìn èyí ni ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn gbọ́.

Ó kọ́ mi ní ìkíni wọn. "Fofo" ni wọ́n ń wí. Mo sọ fún un pé ní ilẹ̀ wa, òfófó ni iṣẹ́ ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ ẹni kiri. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ó ń kí mi pé, "Fofo, olófòófó." Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún tí mo jí, ibùsùn rẹ̀ ti ṣófo, ó sì ti ká aṣọ rẹ̀ dáadáa. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi pé òun ti bá ọkọ̀ ojú omi ọlọ́pọ́n kọjá odò Ọya, pé ìyá òun wà láàyè, pé ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, n kò pẹ́. Mo lọ wo mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti oko ẹrú Bùràsíìlì dé kọ́, èyí tí ojú rẹ̀ dà bí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Bàhíà gan-an, mo sì wọ takisí tí ó gba Ṣàkẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀ lọ sí Kétu. Àwa méje ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ ènìyàn márùn-ún, bí a kò bá ka ewúrẹ́ tí ó wà lẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó bínú. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí èdè ṣe ń ran ni, kí ó jókòó sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi ń bú awakọ̀, Gùn ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ ka owó tàbí sọ aago, Faransé ni.

Ní Kétu, ọlọ́kadà kan rí mi níwájú Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnu-ọ̀nà àtijọ́ ìlú náà, níbi tí mo ti ń wo yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká. Ó sọ ọ̀kadà rẹ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé láìgba owó. Ó ní kì í ṣe pé odi yìí kò lágbára, ebi ni ó ṣí i. Ní ọdún 1886 ni ogun Dànhọ̀mẹ̀ wọlé, wọ́n jó ìlú, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀ ni àwọn tí ó ṣẹ́kù tó padà wá tún ìlú ṣe. Ìtàn yìí wà nínú ìwé, mo ti kà á. Èyí tí kò sí nínú ìwé ni pé ìyá-ńlá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí a kó lọ, ó sì mú orin kan bọ̀ láti Àgbómẹ̀, orin tí ó fi ń rẹ ọmọ. Títí di òní ni wọ́n ń kọ ọ́ nínú ilé wọn. Èdè Fọ̀n ni, ẹnì kankan nínú wọn kò sì gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin yunifásítì lè gbọ́ ọ?"

N kò gbọ́ Fọ̀n. Mo ní kí ó kọ orin náà sínú fóònù mi. Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wò ó, ó sì kọ ọ́, ọkùnrin gìrìpá tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hewú, ó ń kọ orin àrẹmọ lẹ́bàá ọ̀kadà.

Lọ́jọ́ kejì, nínú ọkọ̀ tí ń lọ sí Bohicon, mo jókòó ti obìnrin kan tí ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, Fọ̀n ni. Mo fi orin náà sí etí rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n. Ó ní wọ́n ń sọ fún ọmọ pé kí ó dákẹ́, ìyá rẹ̀ lọ sóko, kò ní pẹ́ dé. Nígbà tí a dúró ra omi, mo pe ọlọ́kadà náà lórí fóònù, mo sọ fún un. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé owó fóònù mi ti tán. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n." Ó sì dàgbà tó bàbá mi.

Mo gba Bohicon àti Ìdáàṣà dé Ṣábẹ. Àwọn òkè olókùúta tí orí wọn rí ribiti yọ sí wa láti ọ̀nà jíjìn kí a tó rí ilé kankan. Ohùn wọn yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ kan etí mi ti mọ̀ ọ́n lára. Iṣu wọn kò ní ẹlẹgbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ilé-èrò kékeré tí mo wọ̀ sí ni ìyá kan ti ń ta iyán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń jẹun láàárọ̀ àti lálẹ́. "Ọmọ Nàìjíríà" ni ó ń pè mí. Nígbà tí ó gbọ́ pé ìwé èdè ni mò ń kà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó mú ìwé kan jáde tí ó fi ọ̀rá wé.

Lẹ́tà ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ọkọ ní Ìṣẹ́yìn, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó kọ ọ́, ó fi rán awakọ̀ elélùbọ́ kan. Ìyá yìí kò mọ̀wé rí. Ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà ni ó lọ nínú ọjà, torí kí ó lè máa ka ìwé ọmọ ọmọ rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún ní ọdún méjì. Nígbà tí lẹ́tà dé, ó ṣí i, ó bá a pé ọmọ náà kò mọ̀wé kọ.

Mo wo lẹ́tà náà. Ìyá ti fi bírò pupa ṣe àtúnṣe rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi gbogbo tí ọmọ ti kọ p, ìyá ti fi k síwájú rẹ̀. Ọmọ kọ "púpọ̀", ìyá sọ ọ́ di "kpúkpɔ̀". Ọmọ kọ "ẹ ṣé", ìyá fagi lé e, ó kọ "ɛ shé". Ní ti àwọn àmì kéékèèké abẹ́ lẹ́tà, ó ní òun kọ́kọ́ rò pé bírò ọmọ ń jò ni.

Ó ní, "Ìwọ tí o kàwé, sọ òótọ́. Ta ni ó ṣì í kọ nínú àwa méjèèjì?"

Mo ní kò sí ẹni tí ó ṣì í kọ. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ní ọdún 1875 ni àwọn oníwàásù pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, lẹ́yìn iṣẹ́ Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí pé èdè wa kò ní p lásán, wọ́n rí i pé kò sí ìdí láti fi k kún un. Wọ́n sì fi àmì sábẹ́ e, o àti s. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní tirẹ̀, ní àwọn ọdún 1970, fẹ́ kí álífábẹ́ẹ̀tì kan náà ṣeé lò fún Yorùbá, Fọ̀n, Bààtọ́nú àti àwọn yòókù, ni wọ́n fi mú ɛ, ɔ, sh àti kp. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní ọgbọ́n nínú. Nínú kíláàsì wa, a máa ń jiyàn lé wọn lórí, a ó sì rẹ́rìn-ín lọ jẹun. N kò rò ó rí pé ẹnì kan wà tí ìyàtọ̀ yìí jókòó sáàárín òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ìyá fetí sílẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Nígbà tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń ṣe é, ṣé kò sí ẹni tí ó ní ẹbí ní òdì-kejì láàárín yín?" N kò rí èsì fọ̀.

Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun kọ èsì, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ náà lè kà á níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Alẹ́ méjì ni a fi jókòó ti àtùpà lẹ́yìn tí oníbàárà tán. Ó gba àmì abẹ́ ẹ àti ọ kíákíá, ó ní ó dà bí adìẹ tí ó sàba lórí ẹyin. Ó gba ṣ pẹ̀lú ìkùnsínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí p, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọdún kan gbáko ni òun fi kọ́ bí a ti ń kọ kp, òun kò ní ju k nù nítorí ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó bá fẹ́ràn òun yóò kà á. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.

Mo gbé lẹ́tà náà dé Ìṣẹ́yìn nígbà tí mo padà. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ilé-ìwé, ó ṣí i, ó sì kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kọsẹ̀ lórí "kpúkpọ̀" rárá. Ó tún wò ó. Ó bi mí bóyá n ó padà lọ sí Ṣábẹ. Mo ní bóyá. Ó ní kí n jọ̀wọ́ dúró díẹ̀, ó sì sáré wọlé lọ mú bírò.